Alẹ́ Tí Afinimọ̀nà Dákẹ́ ní Ìlórò-Ọ̀dàn

"Ìlórò-Ọ̀dàn, Ìlórò-Ọ̀dàn! Ẹ dákun, ta ló wà níbẹ̀? Afinimọ̀nà yín kò dá mi lóhùn o."

Ìbídùnńí fò dìde lórí àpótí tó jókòó lé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í ṣe olùṣọ́ pápá bàálù, kò sí bàálù tó dé bá a lóru láìròtẹ́lẹ̀ rí. Èyí tó máa gbé irúgbìn wá, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń retí rẹ̀, ọjọ́ Ẹtì sì ṣì jìnnà. Ó ti awò òru tó fi ń ríran nínú òkùnkùn sókè imú, ó sì na ọwọ́ sí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀.

"Ìlórò-Ọ̀dàn nìyí. Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Ẹ ṣeun o! Gbọ́lágadé ni mí. Mò ń gbé nọ́ọ̀sì kan àti oògùn lọ sí Kìṣí ni mo kó sáàárín eṣú lókè níbí. Wọ́n ti dí ẹ̀rọ apá òsì mi pa, ti apá ọ̀tún sì ti ń wúkọ́. Mi ò lè dé Kìṣí mọ́. Ọ̀dọ̀ yín ni màá sọ̀ sí. Àmọ́ kí ló ṣe afinimọ̀nà yín?"

Ìbídùnńí bojú wo ìta láti ojú fèrèsé. Òpó afinimọ̀nà dúró gbọin lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, àpótí rẹ̀ wà lórí rẹ̀ bí ilé oyin. Afinimọ̀nà ni í bá bàálù sọ̀rọ̀ lóru, tí í mú un lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀ bí ẹni mú afọ́jú kọjá títì. Ṣùgbọ́n inú àpótí náà ṣófo lálẹ́ yìí. Bátìrì tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá Ìbídùnńí nínú ìlú, ó ń fún ẹ̀rọ amúlétutù lágbára. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ooru alẹ́ àná ti mú kí ìyá rẹ̀ dákú, ìpín iná ilé wọn sì ti tán kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń tán ní ilé gbogbo ènìyàn. Ó rò ó pé kí ilẹ̀ tó mọ́ òun á ti dá a padà. Ta ló máa mọ̀?

"Ẹ̀yin ará ibẹ̀, ẹ ti dákẹ́."

"Ó… ó máa tó dáhùn, sà. Ẹ ṣì máa yí po lókè ná."

"Màá máa yí po títí tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo yìí bá fi gbà fún mi. Bí kò bá dáhùn, ẹ bá mi tan iná sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Awò òru tèmi kò ríran jìnnà ju gíga ilé bíi mélòó kan lọ. Ilẹ̀ dúdú lójú mi bí ìdí ìkòkò."

Tan iná. Ní ìgbà eṣú, kò sí ẹni tí í sọ ọ̀rọ̀ yẹn jáde ní Ìlórò-Ọ̀dàn láìwo ẹ̀yìn. Ìyàwó ilé kan ló tan àbẹ́là lọ́dún tó kọjá kó lè wá yẹtí rẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀. Eṣú tó bà sórí òkè rí iná náà. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ewé kan ṣoṣo kò kù lóko àdúgbò mẹ́ta, igi ìṣáná lásán ni àwọn igi ẹ̀gẹ́ dà. Wọ́n lé ìyàwó náà àti ọkọ rẹ̀ jáde nílùú lọ́sàn-án gangan, nínú oòrùn tí ajá pàápàá kì í rìn. Àwọn àtùpà àtijọ́ ṣì wà nínú abà lẹ́yìn ilé ìṣọ́, wọ́n wà níbẹ̀ fún ọjọ́ burúkú, ṣùgbọ́n àmì tí àwọn Aṣọ́kùnkùn, tó ń rí sí i pé ẹnikẹ́ni kò tan iná lóru, fi dí i pa wà lẹ́nu ilẹ̀kùn abà. Olórí wọn nìkan ló lè ní kí wọ́n já a. Ní alẹ́ yìí gan-an, eṣú ti bo Òkè Àgbọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Tí èèyàn bá dákẹ́, á máa gbọ́ ìyẹ́ wọn, ó ń dún ṣìì, bí òjò tí kò dé ilẹ̀.

"Pe Baba Ọláòṣebìkan," ni Ìbídùnńí wí fún ògiri.

Ògiri mọ ohùn rẹ̀, ó sì pè é. Baba Ọláòṣebìkan ni olórí àwọn Aṣọ́kùnkùn, àgbàlagbà tí kì í pariwo, tí gbogbo ìlú sì bẹ̀rù ju ẹni tó ń pariwo lọ. Ó gbé e kíákíá bí ẹni tí kò sùn.

"Ìbídùn, ọmọ mi, mo gbọ́ ariwo bàálù lókè. Kí ló dé?"

"Ẹ kú àìsùn, sà. Awakọ̀ kan ló ní eṣú ti ba ẹ̀rọ òun jẹ́. Ó ní kí n tan iná fún òun."

"Kí o tan iná? Pẹ̀lú eṣú tó wà lórí òkè? Ṣé afinimọ̀nà ń ṣiṣẹ́?"

Ìbéèrè kan péré ni wọ́n ń bi Ìbídùnńí. Bó bá ní kò ṣiṣẹ́, wọ́n á bi í pé kí ló ṣe é. Bó bá sọ ohun tó ṣe é, ojú tí wọ́n fi ń wò ó nílùú yóò yí padà lóru ọjọ́ náà gan-an. Òun tí wọ́n máa ń tọ́ka sí fún àwọn ọmọbìnrin wọn. Òun tí Baba yìí pàápàá ń pè ní ọmọ mi.

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà," ló wí.

"Kí ló wá fẹ́ fi iná ṣe? Sọ fún un kó tẹ́tí sí afinimọ̀nà kó sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan iná."

"Ó dáa, sà."

Ó ju ara rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á débẹ̀, òun á yọ bátìrì, òun á padà dé kí ẹ̀rọ awakọ̀ náà tó rẹ̀. Ó ń wa kẹ̀kẹ́ nínú òkùnkùn, ariwo bàálù ń yí po lókè orí rẹ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀, ó ń ké bí ẹranko tí nǹkan há lọ́fun. Nígbà tó dé ilé, ó pàṣẹ fún ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá rẹ̀ jí nígbà tó ń fa wáyà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi oríkì rẹ̀ pè é.

"Àjọkẹ́? Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Ẹ sùn, Màámi. Mò ń bọ̀."

Ó di bátìrì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó sì sáré padà. Ó ti rí òpó náà lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí ariwo bàálù náà dákẹ́ lójijì. Kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ gba etí rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, nínú oko ọkà bàbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, nǹkan dún gbì, ó tún dún, irin sì ń ya gbàràgàrà lórí ilẹ̀ títí ó fi dúró.

Ohùn obìnrin kan ṣẹ́ jáde láti inú oko. "Ẹ gbà wá o! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbà wá!"

Ìbídùnńí ti sọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan lọ sí inú oko níbi tí wọ́n ti ń ké. Èkejì lọ sí ìdí òpó. Ìdí òpó ló lọ. Ó gun àkàbà, ó ti bátìrì sínú àpótí, ó so wáyà pọ̀, ó sì dé ìdérí rẹ̀, ó fún ìdè rẹ̀ dáadáa, èyí òkè àti èyí ìsàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Obìnrin náà ń ké síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó sáré wọ inú oko.

Bàálù kékeré náà ti dẹ̀gbẹ́ lé apá kan, apá kejì ti já. Nọ́ọ̀sì náà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mosúnmọ́lá, jókòó sórí ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láti ìpéǹpéjú rẹ̀ bọ́ sínú awò òru rẹ̀. Awakọ̀ ṣì wà nínú bàálù, ọkùnrin tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Irin ti fún ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò ké. Ó ń mí bí ẹni tó gun òkè.

"Sà, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, mo ti dé," ni Ìbídùnńí ń wí, ó ń fa irin tí agbára rẹ̀ kò ká.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ tó wà níwájú awakọ̀ náà sọ̀rọ̀, ó fi ohùn obìnrin tó dùn létí sọ̀rọ̀, bí ẹni kí àlejò lẹ́nu ọ̀nà ilé.

"Ẹ káàbọ̀ sí Ìlórò-Ọ̀dàn. Ọ̀nà mọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú yín sọ̀kalẹ̀."

Gbọ́lágadé yí orí díẹ̀díẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó sì wo Ìbídùnńí, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí òróró ìdè àpótí ṣì wà lára rẹ̀. Ìbídùnńí ló gbé ojú sílẹ̀.

*

Eṣú fò kúrò lórí òkè kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n sì gba ìwọ̀ oòrùn lọ láìfọwọ́ kan ọkà kankan. Kí oòrùn tó le tí gbogbo ènìyàn fi wọlé, ìròyìn ti kárí ìlú pé olùṣọ́ pápá kọ̀ láti tan iná bó tilẹ̀ jẹ́ pé awakọ̀ bàálù ń bẹ̀ ẹ́. Àwọn tó pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà dúró kí i. Ìyá arúgbó kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi kan iwájú orí ara rẹ̀. "Ìwọ lo bọ́ wa lọ́dún yìí. Ọkà tí a máa jẹ, ìwọ ni." Ìbídùnńí rẹ́rìn-ín músẹ́ fún un. Ó rí i pé òun lè rẹ́rìn-ín músẹ́, èyí sì já a láyà.

Àwọn Aṣọ́kùnkùn lọ yẹ afinimọ̀nà wò. Ó dá wọn lóhùn kedere. Wọ́n sì bi awakọ̀ náà ní ilé ìwòsàn. Ó ní afinimọ̀nà kò sọ̀rọ̀ àfi lẹ́yìn tí òun ti wó lulẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Dókítà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wá sẹ́nu ẹni tó fi orí gbá nǹkan. Àwọn mìíràn nílùú ní ó ti sùn lọ ni, pé àwọn awakọ̀ àtijọ́ kì í fẹ́ gbọ́ràn sí ẹ̀rọ lẹ́nu, pé wọ́n fẹ́ràn láti máa fi ojú ara wọn wá ilẹ̀. Ní ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gé ẹsẹ̀ awakọ̀ náà lábẹ́ orúnkún.

Baba Ọláòṣebìkan wá sí ilé Ìbídùnńí fúnra rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

"Ọmọ mi, a ó ṣe ìjókòó lórí ọ̀rọ̀ awakọ̀ yìí. Ẹni tó bá bọ́ kúrò lójú ọ̀nà nígbà tí afinimọ̀nà ń sọ̀rọ̀, ìyẹ́ fàdákà tí a fi ń mọ̀ ọ́n ní awakọ̀ la ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàálù kankan kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ títí láé. Ìwọ ni ẹlẹ́rìí wa. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlú fẹ́ dá ọ lọ́lá."

"Sà, kò yẹ kí wọ́n…"

"Ó yẹ. Ìtìjú ló ń jẹ́ kí o sọ bẹ́ẹ̀, ó sì dára kí ọmọbìnrin nítìjú."

Ó jáde lọ. Ìbídùnńí fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Láti inú yàrá, ìyá rẹ̀ pè é. Àrùn ẹ̀gbà ti fa ẹnu ìyá náà sí ẹ̀gbẹ́ kan láti bí ọdún méjì, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà débi pé ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ kò dá a mọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ omi kò dá a mọ̀. Ohùn Ìbídùnńí ni àwọn méjèèjì ń jẹ, òun ni wọ́n ń mu.

"Àjọkẹ́, kí lo wá yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi lóru ọjọ́ yẹn?"

"Bátìrì ni, Màámi."

"Bátìrì ta ni?"

Ìbídùnńí ń ká etí aṣọ ìbora ìyá rẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ, ó tún ń ká a.

"Ti pápá ni?" ni ìyá náà wí.

"Ooru ń pa yín, Màámi. Ẹ dákú mọ́ mi lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Nítorí yín ni mo ṣe yọ ọ́."

"Mo gbà. Nítorí mi lo ṣe yọ ọ́." Ìyá náà ní láti sinmi kó tó lè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Nítorí ta lo ṣe purọ́?"

Omi lé ròrò sójú Ìbídùnńí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé omi ojú yẹn kì í ṣe ti ìkáàánú awakọ̀. Ara rẹ̀ ló ń ṣàánú. Ìyẹn náà tún jẹ́ ohun ìtìjú mìíràn.

"Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á yọ ohùn mi kúrò ní Ilé Ohùn," ló wí. "Ta ni yóò máa ṣílẹ̀kùn fún wa? Ta ni yóò sọ fún omi kó jáde? Ẹ̀yin náà máa jìyà rẹ̀, Màámi."

"Kí wọ́n tó máa fi ohùn ṣílẹ̀kùn, inú ilé la ti ń gbé," ni ìyá náà wí. Ó yí ojú sí ògiri. "Lọ gbé omi wá fún mi. Má fi mí ṣe aṣọ bora."

*

Wọ́n ṣe ìjókòó náà ní àfẹ̀mọ́júmọ́ kí ooru tó dé, ní gbàgede Ilé Ohùn, níbi tí wọ́n ń fi ohùn gbogbo ọmọ ìlú pamọ́ sí. Wọ́n gbé Gbọ́lágadé wá lórí ibùsùn. Aṣọ funfun bo ìsàlẹ̀ ara rẹ̀, ó ga ní apá kan, ó sì tẹ́jú ní apá kejì. Ìyẹ́ fàdákà awakọ̀ ṣì wà ní èjìká rẹ̀. Mosúnmọ́lá dúró tì í, wọ́n ti rán ìpéǹpéjú rẹ̀. Àwọn ará ìlú fi àyè sílẹ̀ fún Ìbídùnńí láti kọjá, ẹnìkan sì fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀ bí ẹni fi ọwọ́ kan ohun ìbùkún.

Baba Ọláòṣebìkan kò fa ọ̀rọ̀ gùn. "Ìbídùnńí, ìwọ lo wà ní pápá. Mo bi ọ́ lóru ọjọ́ náà, mo tún ń bi ọ́ níwájú ìlú. Ṣé afinimọ̀nà ń ṣiṣẹ́?"

Ó ti pinnu lójú ọ̀nà pé òun á sọ òtítọ́. Ó ti tún ọ̀rọ̀ náà sọ títí ó fi dán lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú wọn tó kún fún ìfẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde.

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa báyìí, sà."

"Kì í ṣe báyìí ni wọ́n bi ọ́."

Gbọ́lágadé ló sọ ọ́. Kò gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti rẹ̀.

Ìbídùnńí gbọ́ tí ẹnìkan ń tún bàtà rẹ̀ ṣe. Ó kúnlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ pé kó kúnlẹ̀.

"Kò ṣiṣẹ́," ló wí. "Mo ti yọ bátìrì rẹ̀ lọ sí ilé fún ẹ̀rọ amúlétutù màmá mi. Baba bi mí, mo ní ó ń ṣiṣẹ́ nítorí ojú ń tì mí láti sọ ohun tí mo ṣe. Mo lọ mú un, n kò sì padà dé kí bàálù tó já."

Ìbídùnńí lè dúró síbẹ̀. Èyí tó sọ yìí, èèyàn lè dárí jì í. Ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ni. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì rí i pé àwọn kan nínú wọn ti ń mi orí pẹ̀lú àánú.

"Ó ku ọ̀kan," ló wí. "Mo ti sún mọ́ ìdí òpó nígbà tí wọ́n já lulẹ̀. Mo gbọ́ igbe wọn. N kò lọ bá wọn. Mo kọ́kọ́ gun òkè lọ ti bátìrì padà, mo dé ìdérí rẹ̀, mo sì fún ìdè rẹ̀, kó má baà hàn pé mo yọ ọ́. Lẹ́yìn tí mo ṣe é tán ni mo tó lọ."

Mosúnmọ́lá sún mọ́ ọn ní ìṣísẹ̀ kan.

"Mò ń pariwo," ló wí. "Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ló wà lójú mi tàbí ojú mi ló fọ́. Mò ń pariwo kí ẹnìkan wá. O ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́."

"O ń gbọ́ mi, o sì ń dé ìdérí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọmọbìnrin náà wò ó fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí ènìyàn wà nínú ojú yẹn. Lẹ́yìn náà ó padà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

Kò sí ẹni tó bú Ìbídùnńí. Ìbá sàn kí wọ́n bú u. Wọ́n kàn ń gbé ojú kúrò lára rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀ nígbà tó ń wọlé ń fi ọwọ́ náà nu ara aṣọ.

Baba Ọláòṣebìkan dìde. Ohùn rẹ̀ kò le bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ìbídùnńí nìkan ló ń bá wí.

"Bí o bá sọ fún mi lóru ọjọ́ yẹn pé kò ṣiṣẹ́," ló wí, "ǹ bá ní kí o já àmì abà, kí o tan gbogbo àtùpà tó wà níbẹ̀. Ǹ bá fi oko sílẹ̀ fún eṣú. Ọkà máa ń hù padà." Ó wo aṣọ funfun tó tẹ́jú lórí ibùsùn. Ó yíjú sí awakọ̀ náà, ó ṣí fìlà. "Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́lágadé, a pè ọ́ ní òpùrọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyẹ́ rẹ wà ní èjìká rẹ."

"Ẹ ṣeun, Baba," ni Gbọ́lágadé wí. "Kí n máa fi fò lọ síbo?"

Wọ́n dá ẹjọ́ Ìbídùnńí kí oòrùn tó yọ pátápátá. Wọ́n kò lé e kúrò nílùú nítorí ìyá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n yọ, títí eṣú yóò fi wá tí yóò tún fi lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n mú un wọ inú Ilé Ohùn. Ó dúró níwájú ẹ̀rọ tó ní ihò róbótó bí ẹnu.

"Sọ orúkọ rẹ," ni ẹ̀rọ náà wí.

"Ìbídùnńí Àjọkẹ́, ọmọ Ọdẹ́wálé."

"A ti gbọ́. A kò mọ̀ ọ́ mọ́."

*

Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ wọlé ara rẹ̀, àfi kó kan ilẹ̀kùn aládùúgbò kó sì bẹ̀ ẹ́. Bó bá fẹ́ omi, a máa dúró ti ẹ̀rọ omi pẹ̀lú korobá títí ẹni tó ní ohùn yóò fi kọjá. Àwọn kan ń bá a sọ ọ́ láìwo ojú rẹ̀. Àwọn kan a gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ìyá arúgbó tó fi ọwọ́ rẹ̀ kan iwájú orí lọ́jọ́ kìíní rí i lójú ọ̀nà, ó yà gba ọ̀nà mìíràn. Ìyá Ìbídùnńí ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì òun sún mọ́ ojú fèrèsé, kí òun lè máa pe àwọn tó ń kọjá.

Ìgbà tí Ìbídùnńí kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn, ilẹ̀kùn kò dá a lóhùn. Ó kan án títí ọwọ́ fi ro ó. Bàbá kan tó wá wo ìyàwó rẹ̀ ló gbọ́. Ó wò ó láti inú gíláàsì, ó dá a mọ̀, ó sì dúró fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń rò ó wò. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣí," ilẹ̀kùn sì ṣí.

Gbọ́lágadé ń wo òkè àjà. Ìbídùnńí kúnlẹ̀ síbi tí kò ti sún mọ́ ọn jù.

"Ẹ kú ìrora, sà. Mo wá bẹ̀ yín ni."

"Ṣé kí n dárí jì ọ́?"

"Bí ẹ bá lè ṣe é, sà."

"Mi ò lè ṣe é lónìí." Ó gbé ọwọ́, ó sì fi tọ́ka sí ibi tí aṣọ ti tẹ́jú. "Àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ ń yún mi. Mo na ọwọ́ kí n họ ọ́, ibùsùn ni mo bá. Ó ti ń yún mi láti àná."

Ìbídùnńí bú sẹ́kún.

"Jọ̀ọ́, má sunkún níbí," ló wí. "Mosúnmọ́lá ti sunkún tó, èmi náà sì ti ṣe díẹ̀ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbí. Ó sú mi."

Ó fi etí ìró nu ojú. "Kí ni kí n wá ṣe, sà?"

"Mi ò mọ̀." Ó tún wo òkè àjà. "Ojú rẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí ẹ̀rọ yẹn kí mi káàbọ̀. Mo ti mọ̀ láti ìgbà yẹn. Mò ń retí kí o wá sọ ọ́ kí wọ́n tó gé ẹsẹ̀ mi, bí ẹni pé ìyẹn lè dá wọn dúró." Ó mi orí. "Máa lọ. Wá lọ́la."

"Ṣé ẹ máa…"

"Mo ní kí o wá lọ́la. Mi ò sọ ohun tí màá ṣe."

Ó lọ lọ́jọ́ kejì. Gbọ́lágadé kò tíì lè ṣe é. Ó ní kó tún wá. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kí oòrùn tó gòkè, Ìbídùnńí tún dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń dúró de ẹni tó máa gbọ́.